Ìbọ̀sẹ̀ Tó Ń Fún Bàbá Fèyí Lẹ́sẹ̀

Láti ìgbà tí Thomas Bámiṣayọ̀ ti gbé ìyàwó, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ìbọ̀sẹ̀ rí. Kì í ṣe ahun, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Rachael, aya rẹ̀, ló ń rà á. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọ́n ti jẹun, tí wọ́n sì ti sùn díẹ̀, Rachael a jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àwọn ìbọ̀sẹ̀ tó ká lórí okùn, a máa wá ìkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un, a máa ká wọn sínú ara wọn róbótó, a sì tò wọ́n sínú dúrọ́ọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ohun tí Thomas ní láti ṣe kò ju kó na ọwọ́ síbẹ̀ lọ. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ló máa wọ̀. Gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn nípọn, gbogbo wọn gùn dé agbedeméjì ojúgun, rọ́bà ọrùn wọn sì le dáadáa. Yóò fà wọ́n wọ̀, yóò ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò ní Orozo kí ọ̀nà Nyanya tó dí, ó di Sẹkitéríàtì.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Thomas. Ẹnjiníà ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, ó sì ti ń sún mọ́ àtifẹ̀yìntì. Níbi iṣẹ́, bí wọ́n bá gbé àwòrán páìpù omi síwájú rẹ̀, ó lè fi odindi ọ̀sán jiyàn lórí ọ̀nà tó yẹ kí páìpù náà gbà. Nílé, kì í jiyàn. Bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, á bu omi mu sí i. Bí Rachael bá ní kí wọ́n kun ògiri pálọ̀ ní àwọ̀ ewé, á ní ó dáa. Àwọn ọmọ wọn a máa fi ṣe àwàdà pé bí iná bá ń jó ilé, Dádì á ní ó dáa, kí wọ́n sáà rọra máa jáde.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Fèyí, àkọ́bí wọn tó ń gbé ní Kánádà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, bí ọmọbìnrin kan. Hadassah ni wọ́n sọ ọ́. Rachael, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, di ẹrù rẹ̀, ó lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Kó tó lọ, ó se ọbẹ̀ oríṣiríṣi sínú fírísà, ó fi bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ìfọṣọ han ọkọ rẹ̀, ó fi ibi tí ṣúgà wà hàn án, ó fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé wà hàn án. Kò rántí ìbọ̀sẹ̀. Thomas náà kò rántí.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn kì í tètè gbẹ lásìkò òjò, Thomas kò sì mọ̀ pé ṣe ni Rachael máa ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná gba orí wọn kọjá. Ó ń wọ̀ wọ́n pẹ̀lú omi díẹ̀ lára. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ yọjú síta. Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ náà lọ sí ẹsẹ̀ òsì kí ihò rẹ̀ lè bọ́ sí ọ̀dọ̀ ọmọ ìka kékeré. Ọgbọ́n yìí gbè é fún ìgbà díẹ̀, títí gìgísẹ̀ fi ya pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń rọra wọ́ ní Nyanya, ọkùnrin kan tó ń kiri gbé ìbọ̀sẹ̀ sí ojú fèrèsé rẹ̀. Wọ́n so wọ́n ní ìdì bí ẹ̀fọ́, wọ́n ń dán gbinrin. Thomas ra ìdì kan láì nà wọ́n wò, ó jù ú sí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ ti tán nìyẹn.

Náílọ́ọ̀nù pọ́ńbélé ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó dà bíi pé wọ́n ti ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ọ̀rá, tí wọ́n sì so ó lẹ́nu. Ẹsẹ̀ ń yọ̀ nínú bàtà bó bá ń gun àtẹ̀gùn. Òógùn kò rí ibi gbà jáde, kò sì rí ohun tó máa fà á mu. Lábẹ́ tábìlì, ó ń fi bàtà kan họ ẹsẹ̀ kejì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àárín àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń bó, òórùn kan sì ti dé tí kò mọ bóun ṣe máa ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó ń da páúdà sínú bàtà láràárọ̀. Páúdà náà a di ẹrẹ̀ kó tó dé ibi iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dójú rẹ̀ ni ìpàdé àdúrà tí wọ́n máa ń ṣe nílé Titus, àbúrò kan nínú ìjọ wọn tó ń gbé ní òpópónà kejì sí tiwọn. Ìyàwó Titus ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí pálọ̀, gbogbo ènìyàn sì ń bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà. Thomas bọ́ tirẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó. Wọ́n kọ orin kan. Wọ́n ń kọ èkejì lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó Titus dìde, tó rọra ṣí fèrèsé, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀. Ó padà jókòó, ó tún dìde, ó ṣí èkejì. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Thomas fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àga, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe àmín ìkẹyìn. Kò lè sọ ohun tí wọ́n gbàdúrà lé lórí lọ́jọ́ náà.

Titus sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Ó dúró díẹ̀, ó ń yẹ ojú ọ̀run wò bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òjò máa dá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o," ni Titus wí. "Irú sọ́kìsì wo lẹ ń wọ̀ látìgbà tí Mọ́mì ti rìnrìn àjò?"

"Èyí tí mo rà lójú ọ̀nà ni."

"Mo fura bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣe èmi náà rí. Ẹ lọ sí ọjà Wúsè, ẹ béèrè Ìyá Gafar ní ìlà ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Balkis lorúkọ rẹ̀. Ará Ìlọrin ni. Sọ́kìsì nìkan ló ń tà. Kò ní kánjú yín."

Thomas dúpẹ́. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ pé ẹnì kan ti sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Gafar kò fẹ̀ ju yàrá ìdáná lọ. Láti ilẹ̀ dé òkè àjà, ìbọ̀sẹ̀ ni: tọmọ iléèwé funfun, tàwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tọmọ ọwọ́ tí kò ju ìka méjì lọ. Obìnrin kan tó fi ìbòrí bo orí dé èjìká jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Sànnu, ọ̀gá," ni obìnrin náà fi èdè Hausa kí i.

"Yauwa," ni Thomas dáhùn.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Yauwa yín ti jẹ́ kí n mọ ibi tẹ́ ẹ ti wá. Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó."

Thomas jókòó sórí àpótí kejì. Ó ṣàlàyé pé òun ń wá ìbọ̀sẹ̀ tí òun lè máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, pé èyí tó wà lẹ́sẹ̀ òun ń gbóná mọ́ òun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà kí n rí ẹsẹ̀ yín."

Thomas wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn ènìyàn ń kọjá. Ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó sì ń retí kí obìnrin náà yí ojú padà. Balkis kò yí ojú padà. Ó sún àpótí rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní kó yọ ìbọ̀sẹ̀ náà pẹ̀lú, ó sì wo ẹsẹ̀ náà bí ìgbà tí èèyàn ń wo aṣọ tó fẹ́ gé. Ó wo ibi tó ń bó. Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sókè, sí ojúgun rẹ̀. Ìlà kan yí ẹsẹ̀ náà po níbẹ̀, ó jìn wọlé díẹ̀, ó dúdú ju ara yòókù lọ, irun kò sì hù lójú rẹ̀.

"Èyí ńkọ́, Bàbá?"

"Ìyẹn kì í ṣe ti ìbọ̀sẹ̀ tuntun yìí. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣé kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló ní in ni?"

Balkis dìde. Ó na ọwọ́ sí àwọn àtẹ rẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ kan jáde láti ibí, òmíràn láti ọ̀hún, ó sì kó wọn lé e lórí itan.

"Ẹ má wo àwọ̀ wọn ná. Ẹ fọwọ́ pa wọ́n."

Thomas fọwọ́ pa àkọ́kọ́. Ó ń yọ̀, ó tutù lọ́wọ́, èékánná rẹ̀ sì ń há sí i lára. Ó mọ ìyẹn. Ẹbí èyí tó wà nínú bàtà rẹ̀ ni. Èkejì nípọn, ó rí múlọ́múlọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í móoru bó ti mú un dání. Balkis ní irun àgùntàn ni, pé àwọn tó ń lọ sí Jos lásìkò ọyẹ́ ló máa ń rà á, àti àwọn tó ní ọmọ lókè òkun. Ẹ̀kẹta ni òwú. Kò dán. Ó rọ̀ bí ìró tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún púpọ̀. Thomas fi ìka méjì pa á lọ, ó tún pa á bọ̀.

"Òwú gidi nìyẹn," ni Balkis wí. "Ó ń fa òógùn mu, atẹ́gùn sì ń gba ara rẹ̀ kọjá. Àmọ́ bó bá jẹ́ òwú nìkan ni, tó bá ti rẹ omi, á wúwo, á sì máa ṣubú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi náílọ́ọ̀nù díẹ̀ sí i. Ẹ wò ó." Ó na ìbọ̀sẹ̀ kan gbọọrọ, ó jù ú sílẹ̀, ó sì padà sí bó ṣe wà. "Òwú ló pọ̀ nínú èyí. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti rán imú rẹ̀."

Thomas ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ìránṣọ náà pẹlẹbẹ, kò yọ gọngọ.

"Èwo ló wù yín?" ni Balkis bi í.

"Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fún mi ti dáa."

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́. Èmi ò ní bá yín wọ bàtà."

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú. Ẹ̀pà rẹ̀ ló tún ń bó. Ṣùgbọ́n Thomas jókòó síbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ lọ́tùn-ún, ìbọ̀sẹ̀ lósì. Ohun tó wù ú. Ó gbìyànjú láti rántí ìgbà tó ti bi ẹsẹ̀ rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Oníbàárà kan wọlé, ó ra ti ọmọ iléèwé, ó lọ. Òmíràn wọlé. Balkis ń dá wọn lóhùn, kò sì kánjú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Titus ti sọ.

Níkẹyìn, Thomas wọ èyí tí òwú pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dìde, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí páálí tí Balkis tẹ́ sílẹ̀. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà.

"Èyí dáa," ni ó wí. "Àmọ́ ọrùn rẹ̀ ń fún mi. Ṣé ó wà nínú èyí tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀?"

Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Balkis sáà nawọ́ sí òkè, ó fa òmíràn jáde. Ọrùn ti èyí fẹ̀, wọ́n hun ún wínníwínní, rọ́bà tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, ó sì kàn fara ti ojúgun ni, kò dì í mú. Àwọ̀ eérú ni. Thomas rà tó èyí tó máa wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó fi aláwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ kún un. Balkis ní kó fọ̀ wọ́n kó tó wọ̀ wọ́n, kó máa yí inú wọn síta bó bá ń fọ̀ wọ́n, kó má sì fi omi gbígbóná bà wọ́n. Ó ní kó ra oògùn fún ibi tó ń bó náà, kó sì máa nu àárín ọmọ ìka rẹ̀ kó gbẹ.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Thomas ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ṣe ìpàdé, ó lọ wo ibi iṣẹ́ kan ní ọ̀nà Kubwa, ó padà sí ọ́fíìsì. Ìgbà tó délé, tó ń tú okùn bàtà, ló tó rántí pé òun ní ẹsẹ̀. Kò họ wọ́n rárá lọ́jọ́ náà. Ó yọ ìbọ̀sẹ̀, ó sì wo ojúgun rẹ̀. Ìlà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn mọ́. Ojú rẹ̀ ti ń wú bọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀.

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ pa á. Ó wá rántí bí ó ṣe máa ń rí lára rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ bó bá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ dúdú wọ̀nyẹn: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń sáré padà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ara ibẹ̀ ṣe máa ń yún un. Ó ti rò pé àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Tàbí kó jẹ́ pé kò rò ó rárá. Inú rẹ̀ dùn sí ìtura náà, ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà nínú rẹ̀ tí kò balẹ̀, bí ẹni tó jẹun níta tí kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni òun àti Rachael máa ń rí ojú ara wọn lórí fóònù, nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà ní òwúrọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà, Rachael gbé Hadassah lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà ti sanra. Ó ń ta ẹsẹ̀ sókè, ìbọ̀sẹ̀ kékeré kan sì fò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ wo ọmọ yìí," ni Rachael wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kì í gbà kí ìbọ̀sẹ̀ pẹ́ lẹ́sẹ̀ òun. Bí a bá ti ń wọ̀ ọ́ fún un ló ń bọ́ ọ. Ó ti mọ ohun tí kò fẹ́." Ó tún un wọ̀ fún un. "Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá Fèyí, mo ti ra tiyín. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lánàá, mo rí i, mo ní èyí ti ọkọ mi ni. Ó nípọn, ó dúdú, ọrùn rẹ̀ sì le dáadáa." Ó gbé e sókè sí ojú fóònù. Odindi páálí ni.

Thomas la ẹnu láti dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Hadassah ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìbọ̀sẹ̀ náà sì tún fò lọ.

"Rachael," ni ó wí.

Kì í sábà pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rachael gbé páálí náà sílẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn ni. Ó máa ń fún mi lẹ́sẹ̀."

"Èyí tí mo rà yìí? Ẹ ò tíì wọ̀ ọ́."

"Gbogbo rẹ̀ ni mò ń wí. Láti ìgbà tí a ti wà ní Kwali."

Rachael dìde. Ó gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀, Thomas sì gbọ́ ohùn Fèyí tó ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, àti ohùn Rachael tó ní kò sí nǹkan kan, kó máa gbé ọmọ lọ. Nígbà tó padà wá síwájú fóònù, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Láti Kwali," ni ó wí. "Kí Fèyí tó délé ayé. Ó ń fún yín, ẹ ò sì sọ."

"Mo rò pé bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn."

"Bí mo bá bi yín pé ṣé ó dáa, kí lẹ máa ń wí fún mi?"

"Mo máa ń ní ó dáa."

"Ọbẹ̀ ńkọ́? Ó dáa. Kọ́tìnì ńkọ́? Ó dáa. Nígbà tí a fẹ́ ra ilẹ̀, mo bi yín pé ṣé Orozo ni tàbí Gwagwalada, ẹ ní èyí tó bá wù mí. Bàbá Fèyí, ó máa ń rẹ̀ mí. Ó ń dà bí ìgbà tí mò ń gbé pẹ̀lú àlejò, tí mo ní láti máa méfò ohun tó fẹ́." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wẹ ọmọ. A ó tún sọ̀rọ̀."

Fóònù dákẹ́. Thomas wà níbi tó jókòó sí. Kò rò pé ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ lè dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Rachael ń fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́ bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò kọ nǹkan kan sí abẹ́ wọn. Thomas wo àwọn ìbọ̀sẹ̀ dúdú tó kù nínú dúrọ́ọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó tilẹ̀ fa ọ̀kan wọ̀, bóyá nítorí kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó rìn dé yàrá ìdáná, ó padà, ó bọ́ ọ, ó wọ ti òwú. Kò lè ṣe bí ẹni pé kò mọ ìyàtọ̀ wọn mọ́.

Rachael ló sábà máa ń pè. Lọ́tẹ̀ yìí, Thomas ló pè é. Ó ti múra ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ojú Rachael yọ, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ẹ ti jẹun?" ni Rachael bi í.

"Mo ti jẹun. Ọbẹ̀ tó kù nínú fírísà ni mo jẹ. Rachael, má bínú. Kì í ṣe pé mò ń fi pa mọ́ fún ọ. Mi ò kọbi ara sí i ni. Ó rọrùn fún mi kí n ní ó dáa, kí n sì máa lọ."

Rachael fa àga sún mọ́ fóònù. "Ṣé ẹ mọ ìdí tó fi jẹ́ pé èyí tí ọrùn rẹ̀ le ni mo máa ń rà?"

"Mi ò mọ̀."

"Nígbà tí mò ń kọ́ni ní Kwali, tí a wà nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn, ẹ lọ sí ìlú lọ́jọ́ kan láti lọ rí ọ̀gá àgbà nítorí iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì lẹ wọ̀ lọ. Ẹ dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ níwájú rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ yín ti ṣubú sínú bàtà, ọ̀gá náà sì ń wo ọrùn ẹsẹ̀ yín títí ọ̀rọ̀ fi parí. Ẹ rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún, torí èmi ni mo ra ìbọ̀sẹ̀ yẹn ní àlòkù ní bọ́sìkọ́nà. Mo ní ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi ò ní ṣubú níwájú ẹnikẹ́ni mọ́."

Thomas wá inú ara rẹ̀ títí, kò rí ọjọ́ náà níbẹ̀. Ó ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ó ń rí i pé obìnrin yìí ti gbé ọjọ́ kan tí òun fi ṣẹ̀fẹ̀ rìn láti Kwali dé Orozo, ó sì ti gbé e dé Kánádà.

"Kò ṣubú mọ́ lóòótọ́," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Láti ọjọ́ náà, kò ṣubú rí."

Rachael fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò rí i ṣe. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gba imú rẹ̀ jáde, ó wá di ẹ̀rín gidi, Thomas náà sì bá a rín in, títí Fèyí fi yọjú sí yàrá láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Báyìí, ẹ sọ fún mi," ni Rachael wí, ó ń nu ojú. "Irú èwo lẹ fẹ́?"

Thomas sọ fún un. Ó sọ nípa òwú tó rọ̀ bí ìró àtijọ́, nípa náílọ́ọ̀nù díẹ̀ tó ń jẹ́ kó padà sí ipò rẹ̀, nípa imú tí kò gbọdọ̀ yọ gọngọ. Ó sọ nípa Ìyá Gafar ní Wúsè, ó sì ro ẹjọ́ fèrèsé ilé Titus fún un látòkè délẹ̀. Rachael ń gbọ́, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ tí ó ti gbọ́ kí ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tó báyẹn lórí ohun tí kì í ṣe páìpù.

Wọ́n fún ọkọ Fèyí ní ìbọ̀sẹ̀ dúdú páálí náà. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ tín-ín-rín, kò fún un. Rachael padà sí ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ náà, ó ń ya àwòrán ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Thomas ní àkọ́kọ́ nípọn jù. Ó ní kó yí inú èkejì síta kí òun rí ojú rírán rẹ̀. Rachael ní àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ti ń wo òun, kó yáa mú ọ̀kan. Ó mú ọ̀kan, lẹ́yìn tó rí ẹ̀karùn-ún.

Oṣù Kọkànlá ni Rachael padà dé. Thomas lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú. Nígbà tí wọ́n délé, kó tó tú ẹrù kankan, Rachael ní kí ó jókòó. Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀, ó sì wo ojúgun rẹ̀ lábẹ́ iná. Ìlà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Irun wẹ́wẹ́ ti ń hù lójú rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Thomas gbé ọwọ́ lé e lórí.

Láti ìgbà náà ni Thomas ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nínú ilé. Kò yá bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ nípa iyọ̀, lẹ́yìn náà nípa àwọ̀ ògiri pálọ̀, tí wọ́n sì tún kùn. Inú Rachael dùn sí gbogbo ìyẹn. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì. Thomas ní ó rọ̀ jù, pé ẹ̀yìn ti ń ro òun láti ọjọ́ pípẹ́. Rachael fẹ́ràn fóòmù náà gidigidi. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ jiyàn lé e lórí, àwọn méjèèjì ò sì gbà fún ara wọn, títí Rachael fi ní kí wọ́n ra èyí tó le.

"Nínú ọ̀rọ̀ fóòmù yìí," ni Rachael wí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé èyí tó le wọlé, "ọkọ mi àtijọ́ tó máa ń ní ó dáa sàn jù yín lọ."

Ó lọ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn tí Fèyí fún un bọ̀ láti Kánádà, ó ká a sí méjì, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀ṣíìtì, ó sì dùbúlẹ̀ lé e láti wò ó bóyá ó rọ̀ tó.